Sitọ́ọ̀ Kún, Sitọ́ọ̀ Ṣófo: Àlàyé Lórí Bí Dísìkì Kọ̀ǹpútà Ọ́fíìsì Wa Ṣe Pín

Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ yín bi wá ní ìpàdé gbogboogbò tó kọjá, tí kò ṣeé fi ọ̀rọ̀ ẹnu dáhùn tán ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìdí nìyẹn tí a fi ṣèlérí pé a ó kọ ọ́ sínú ìwé yìí. Ìbéèrè náà ni pé: báwo ni kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ṣe lè sọ pé òun ti kún, tí iṣẹ́ ẹ̀yáwó fi dúró láti Ọjọ́bọ̀ títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó tà á fún wa sọ pé dísìkì inú rẹ̀ tóbi ju ohun tí ẹgbẹ́ wa lè lò? Bàbá kan tilẹ̀ dìde, wọ́n ní ṣé kì í ṣe pé owó àfipamọ́ àwọn ti bá ibẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá bàbá lóhùn. Owó yín wà ní báǹkì, kò sí nínú kọ̀ǹpútà. Àkọsílẹ̀ owó náà ló wà nínú kọ̀ǹpútà, ìyẹn ohun tí a máa ń kọ sínú ìwé lẹ́jà ńlá nígbà kan. Kò sí ìlà kan tó sọnù nínú rẹ̀. Àwa àti akápò fi rìsíìtì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bára mu. Síbẹ̀, ẹ̀rù tó ba bàbá kì í ṣe ẹ̀rù lásán, torí pé ohun tó lè ba àkọsílẹ̀ náà jẹ́ sún mọ́ wa gan-an lọ́jọ́ náà. A ó dé orí ìyẹn.

Àwọn àgbà inú wa tó ti bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ra kòkó rí mọ bí sitọ́ọ̀ ṣe ń rí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé sitọ́ọ̀ kan gba 500 àpò. Bí a bá fi ògiri pín in sí yàrá méjì, tí ọ̀kan gba 30 àpò, tí èkejì gba 470, lọ́jọ́ tí yàrá kékeré bá kún, àpò kan ṣoṣo tó bá tún dé kò ní rí ibi wọ̀, bí yàrá ńlá tilẹ̀ ṣófo tí eku ń sáré nínú rẹ̀. Ẹni tó dúró níta sitọ́ọ̀ yóò máa sọ pé àyè wà rẹpẹtẹ. Kò parọ́. Ẹni tó ru àpò dúró lẹ́nu yàrá kékeré yóò sì máa pariwo pé kò sí àyè. Òun náà kò parọ́. Ògiri ló wà láàárín wọn.

Bí dísìkì kọ̀ǹpútà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Nígbà tí a bá ń to kọ̀ǹpútà tuntun, a lè pín dísìkì rẹ̀ sí ìpín méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó bá wà nínú ìpín kan kò lè yọ́ kẹ́lẹ́ bọ́ sí inú èkejì. Bí ìpín kan bá sì kún, ó kún náà nìyẹn.

Dísìkì wa jẹ́ 500 GB. Bí ẹ bá bi kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, yóò ní nǹkan bíi 465 ni. Ẹni tó tà á kò rẹ́ wa jẹ lórí èyí o. Àwọn tó ń ṣe dísìkì ń fi 1,000 ka iye wọn bí gbogbo ayé ṣe ń kà á, ṣùgbọ́n àṣẹ tí a fi ń bi ẹ̀rọ wa léèrè ń fi 1,024 ka tirẹ̀. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ń di ńlá bí òǹkà bá ti ń ga. Nínú 465 yìí, ẹni tó to kọ̀ǹpútà náà fi 30 fún Linux, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí ẹ̀rọ náà. Ó fi 8 sílẹ̀ fún ohun tí wọ́n ń pè ní swap, ibi tí kọ̀ǹpútà ń sọ ẹrù kalẹ̀ sí fún ìgbà díẹ̀ bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún un. Ó fi díẹ̀ tí kò tó 1 sílẹ̀ fún títan ẹ̀rọ. Ó wá kó gbogbo ìyókù, nǹkan bíi 426, fún ibi tó ń jẹ́ /home. Inú /home ni lẹ́tà àti fọ́tò àti ìwé tí a ń tẹ̀ máa ń wà. Gbogbo lẹ́tà tí ọ́fíìsì yìí ti tẹ̀ látìgbà tí a ti ra ẹ̀rọ náà kò tó 6 GB! Ẹ ò rí i pé yàrá ńlá ni wọ́n fún ẹni tí kò lẹ́rù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Windows nílé lè máa sọ nínú ara yín pé kí ló dé tí wọn ò kàn gbé ètò tuntun sí ibi tí àyè wà. Lórí Windows, ìpín kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tirẹ̀, C, D, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ètò ló sì máa ń bi yín léèrè pé ibo ni kí òun dé sí. Linux kò rí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àwọn ètò tó jẹ́ ìran Unix. Igi kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Gbòǹgbò igi náà ni àmì "/" yìí, gbogbo fódà sì jẹ́ ẹ̀ka lára rẹ̀. Ìpín dísìkì kò ní lẹ́tà, ńṣe ni wọ́n máa ń so ó mọ́ ẹ̀ka kan. Ìpín wa ńlá ni wọ́n so mọ́ ẹ̀ka /home. Gbogbo ẹ̀ka tí wọn kò so ìpín mìíràn mọ́, inú ìpín kékeré tó jẹ́ gbòǹgbò ni ẹrù wọn ń wọ̀ lọ.

Tí a bá wá gbé ètò tuntun wọlé, kì í jókòó sí ojú kan. Ara rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ gan-an á lọ sí /usr/bin, àwọn ohun èlò tó ń lò á lọ sí /usr/lib, àwòrán àti ìwé ìlànà rẹ̀ á lọ sí /usr/share. Ìwé tí a fi ń sọ fún un bí a ṣe fẹ́ kó máa ṣe á lọ sí /etc. Ohun tó bá ń kó jọ lẹ́nu iṣẹ́ á lọ sí /var/lib, ìròyìn ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ á sì lọ sí /var/log. Àwọn ètò kan tí iléeṣẹ́ ìta ń ṣe fúnra wọn, irú bíi Google Chrome, ń lọ sí /opt. Èyí tí ẹlẹ́rọ bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ń lọ sí /usr/local. Ẹ wò ó dáadáa, kò sí èyí tó lọ sí /home níbẹ̀. Ìyẹn ni pé gbogbo ètò tí a ń fi kún un, yàrá kékeré ni wọ́n ń rọ́ sí.

Àwọn kan á bèèrè pé ta ló pín in báyìí. Ìtàn rẹ̀ dùn, ẹ jẹ́ ká sọ díẹ̀. Ní ọdún 1969 ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ sí ṣe Unix ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Dísìkì ayé ìgbà náà kéré gidigidi. Fọ́tò kan tí ẹ fi fóònù yín yà lónìí lè máà wọ inú òmíràn nínú wọn. Orí dísìkì kìíní ni wọ́n kó ètò ìpìlẹ̀ sí, orí èkejì ni wọ́n kó ẹrù àwọn òṣìṣẹ́ sí, orúkọ tí wọ́n sì so ìyẹn mọ́ ni /usr, nítorí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà. Nígbà tí dísìkì kìíní kún, ibo ni kí wọ́n gbà? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó ètò sórí dísìkì àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tó yá, ẹrù àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn kó kúrò níbẹ̀, ó lọ sí ibi tí à ń pè ní /home báyìí, ètò wá jogún /usr títí di òní olónìí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àyè kékeré tó dé bá wa yìí kì í ṣe tuntun. Òun gan-an ló ya àwòrán ilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Linus Torvalds, ọmọ orílẹ̀-èdè Finland, gbé Linux jáde ní 1991, irú ilé kan náà ni àwọn tó ń lò ó tẹ̀ lé, wọ́n sì ti kọ ètò rẹ̀ sílẹ̀ bí òfin kí gbogbo wọn lè máa ṣe é bákan náà.

Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ ká padà sí Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ náà.

Ẹlẹ́rọ tí a gbà níṣẹ́ wá láti fi ètò tuntun kún un, èyí tí yóò máa tẹ ìwé ìṣirò owó ẹnì kọ̀ọ̀kan jáde fún yín. Debian ni irú Linux tó wà lórí ẹ̀rọ wa, àṣẹ tí wọ́n sì fi ń gbé ètò wọlé níbẹ̀ ni apt. Apt kì í ṣe òǹrorò. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń sọ ohun méjì: iye tí òun fẹ́ gbà wálé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti iye àyè tí ètò náà yóò gbà nígbà tó bá tú ẹrù tán. Lọ́jọ́ náà, ó ní òun máa gbà tó 520 MB wálé, òun sì máa lo 2,100 MB lórí dísìkì. Ó wá bèèrè pé ṣé kí òun máa lọ. Ẹlẹ́rọ náà tẹ Y.

Iye àyè tó kù nínú ìpín kékeré nígbà náà jẹ́ nǹkan bíi 900 MB.

Ẹ̀yin á ní kí ló dé tí apt kò fi kọ̀. Ohun tí apt ń yẹ̀ wò ni bóyá àyè wà fún ẹrù tó fẹ́ gbà wálé, ìyẹn 520 yẹn. Àyè wà fún ìyẹn. Kì í fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àyè yóò wà fún títú ẹrù náà. Ó sọ iye rẹ̀ fún yín, ó dákẹ́, ó ń retí pé kí èèyàn ṣírò rẹ̀. Ó gba 520 wálé, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú u, nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, àyè tán pátápátá.

Níbí yìí ni a ní láti sọ̀rọ̀ àyè kan tó fara pamọ́, torí pé òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà burú ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí a béèrè iye tó wà nínú ìpín yẹn lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ 29 GB àti díẹ̀, a ti lo 27, ó ku nǹkan bíi 0.9. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á ti rí i pé kò pé. Ibo ni 1.5 tó kù wà? Irú ìpín tiwa, tí wọ́n ń pè ní ext4, máa ń fi 5 nínú ọgọ́rùn-ún pamọ́ fún root nìkan, ìyẹn ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ. Ìdí rẹ̀ ni pé bí àwọn tó kù bá lo àyè wọn tán, kí ọ̀gá ṣì lè rí ibi fẹ̀yìn tì kó sì tún ilé ṣe. Ètò ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀gá ni apt fi ń ṣiṣẹ́! Nítorí náà, nígbà tó ń tú ẹrù rẹ̀, ó jẹ 0.9 tán, ó tún jẹ 1.5 tí wọ́n fi pamọ́. Kò ku nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Àkọsílẹ̀ owó yín wà lọ́wọ́ ètò kan tó ń jẹ́ PostgreSQL, nínú /var/lib, nínú ìpín kékeré yẹn náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kọ ohun tó fẹ́ ṣe sínú ìwé ìrántí kan kó tó ṣe é, gẹ́gẹ́ bí akápò dáadáa ṣe máa ń kọ orúkọ sílẹ̀ kó tó ka owó. Nígbà tí kò rí àyè kọ ìwé ìrántí rẹ̀ mọ́, ó pa ara rẹ̀ dé. Ó kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Inú bí wa lọ́jọ́ náà, àwọn tó wá fún ẹ̀yáwó tò sí ẹnu ọ̀nà, àwọn onídùúró wọn ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá, kò sì sí bí a ṣe lè fi iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní hàn. Ṣùgbọ́n bí a ti wá mọ̀ ọ́n báyìí, kíkọ̀ tó kọ̀ yẹn ló gbà wá. Èyí tó bá ń kọ ìdajì, tó ń fi ìdajì sílẹ̀, òun ló ń ba ìwé owó jẹ́.

Ewu tí a ní a ó dé orí rẹ̀ rèé. Ìwé ìrántí yẹn wà nínú fódà kan tó ń jẹ́ pg_wal. Orúkọ fáìlì inú rẹ̀ jẹ́ kìkì òǹkà gbọọrọ tí kò nítumọ̀ lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, wọ́n sì máa ń tóbi. Ẹni tó bá ń wá ohun tó lè pa rẹ́ kí àyè lè yọ, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó sì ti fẹ́ ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì wa ní ọjọ́ Ẹtì, kí akápò tó ní kí wọ́n dúró ná. Bí wọ́n bá pa á rẹ́, ó ṣeé ṣe kí PostgreSQL máà dìde mọ́, tàbí kó dìde pẹ̀lú ìwé owó tí kò pé. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní irú ètò yìí ní ṣọ́ọ̀bù tàbí níléèwé yín, ẹ má ṣe fọwọ́ kan pg_wal. Bákan náà ni /var/lib/dpkg, tó jẹ́ ìwé tí Debian ń kọ orúkọ gbogbo ètò tó wà nílé sí. Ẹni tó bá pa ìyẹn rẹ́, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní mọ ohun tó ní mọ́.

Ẹlẹ́rọ náà kò lè padà wá títí di ọjọ́ Ajé. Nígbà tó dé, ìmọ̀ràn tó mú wá ni pé kí ẹgbẹ́ ra kọ̀ǹpútà tuntun, tí dísìkì rẹ̀ tóbi jù báyìí lọ. Owó tó dá lé e tó ẹ̀yáwó tí à ń fún èèyàn méjì. Alága ní kí a má tíì dáhùn. A pe ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà níléèwé girama, òun àti akápò jókòó ti ẹ̀rọ náà, àwa sì ń kọ ohun tí wọ́n ń rí sílẹ̀.

Àṣẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n lò ni "df -h". Òun ló ń fi ìpín kọ̀ọ̀kan hàn, bó ṣe tóbi tó, iye tí a ti lò àti iye tó kù. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti fojú ara wa rí i pé /home ṣófo, tí gbòǹgbò sì kún dẹ́nu. Èkejì ni "du", tó ń wọn fódà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni "du -xh --max-depth=1 /". Lẹ́tà x yẹn ṣe pàtàkì: ó ń sọ fún un pé kó má ṣe kọjá ògiri lọ wọn ìpín mìíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ka ẹrù /home mọ́ ti gbòǹgbò, ìṣirò á sì dàrú. Wọ́n ń tẹ̀ lé èyí tó bá tóbi jù lọ wọ inú, títí wọ́n fi rí àwọn tó jókòó sórí àyè.

Ohun tí a rí yà wá lẹ́nu. Àkọsílẹ̀ owó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí lo kọ̀ǹpútà, jẹ́ nǹkan bíi 1.2 GB péré. Àwọn ètò tí à ń lò gan-an gba 6.5. Kí wá ni ìyókù? Ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí ètò ìṣirò ń ṣe lálaalẹ́ ti kó jọ sínú /var/backups, kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó máa pa ti àtijọ́ rẹ́, wọ́n ti di 9.4 GB. Àwọn ẹrù tí wọ́n ti gbà wálé láti fi gbé ètò wọlé sẹ́yìn, tí wọ́n ti tú tán, ṣì wà nínú /var/cache/apt/archives, 3.8 GB, bí ẹni tó ra fíríìjì tó sì ń tọ́jú páálí rẹ̀ sínú yàrá. Bí èèyàn bá kọ àṣẹ náà ní apt lásán, páálí yẹn á lọ fúnra rẹ̀. Bó bá kọ ọ́ ní apt-get, bí ẹlẹ́rọ wa ṣe máa ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Ìròyìn ojoojúmọ́ tí ẹ̀rọ ń kọ nípa ara rẹ̀ gba 2.6. Kernel àtijọ́, ìyẹn ọkàn Linux tí wọ́n ti fi tuntun rọ́pò, wà níbẹ̀ mẹ́ta.

Wọ́n lo "apt clean", páálí lọ. Wọ́n lo "apt autoremove --purge", kernel àtijọ́ lọ, wọ́n sì rí i dájú pé èyí tí ẹ̀rọ ń lò lọ́wọ́ àti ọ̀kan tó ṣáájú rẹ̀ ṣì wà. Wọ́n fi "journalctl --vacuum-size=500M" gé ìròyìn kù, wọ́n sì kọ ọ́ sínú /etc/systemd/journald.conf pé SystemMaxUse kò gbọdọ̀ ju 500M lọ, torí bí wọ́n bá gé e lásán láìkọ ìyẹn, á tún hù padà. Ẹ̀dà alaalẹ́ ni wọ́n kó lọ sí yàrá ńlá, inú /home, wọ́n sì yí ètò náà padà kó máa kó tuntun lọ síbẹ̀, kó sì máa tọ́jú ti ọgbọ̀n ọjọ́ nìkan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi "dpkg --configure -a" àti "apt -f install" parí iṣẹ́ tó dúró lágbede méjì. Nígbà tí ètò tuntun wọlé tán, tí PostgreSQL sì dìde, àyè tó kù nínú ìpín kékeré jẹ́ nǹkan bíi 15 GB. A kò ná kọ́bọ̀ kan, àfi mínírà tí a rà fún olùkọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ kan rèé lórí ẹ̀dà alaalẹ́ yẹn. Ẹ̀dà tó wà lórí dísìkì kan náà pẹ̀lú ojúlówó kì í ṣe ẹ̀dà tó ṣeé gbójú lé. Bí dísìkì bá bàjẹ́, tàbí bí olè bá gbé ẹ̀rọ lọ, méjèèjì ló lọ. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i pé kí a ra dísìkì ìta kékeré kan, kí ẹ̀dà ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa lọ sórí rẹ̀, kó sì máa sùn nílé akápò.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan bèèrè lẹ́yìn ìpàdé pé: bí ògiri bá ń dá wàhálà sílẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi ń mọ ọ́n rárá? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ìdí kan ni pé ògiri ń dá iná dúró. Bí ìròyìn ojoojúmọ́ bá ya wèrè lóru ọjọ́ kan, tó ń kọ ohun kan náà ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, tó sì wà nínú ìpín tirẹ̀, ìpín tirẹ̀ nìkan ló máa kún. Ìdí kejì ni pé a lè pa Linux àtijọ́ rẹ́ kí a sì to tuntun láìfọwọ́ kan /home. Ìdí kẹta ni pé a lè fi òfin líle sí ẹnu yàrá kan, kí ètò kankan má lè ṣiṣẹ́ láti inú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá tàbí yunifásítì tó ní ọgọ́rùn-ún èèyàn lórí ẹ̀rọ kan nílò gbogbo ìyẹn. Ọ́fíìsì bíi tiwa, tí èèyàn mẹ́ta ń lò, kò nílò ju ìwọ̀nba lọ. Nígbà tí a bá ń to Debian, lára ohun tó máa ń fi lọ̀ wá ni: kí ohun gbogbo wà pọ̀, kí /home dá wà, tàbí kí /home, /var àti /tmp dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní tiwa, ẹni tí kò bá mọ iye ẹrù tí yàrá kọ̀ọ̀kan máa gbé, kó kó ohun gbogbo pọ̀. Ó sàn ju kó fi ojú wọn ògiri lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tó dára jù èyí, òun ni a ó sì lò lọ́jọ́ tí a bá tún ẹ̀rọ wa tò. LVM ni wọ́n ń pè é. Ògiri rẹ̀ dà bí aṣọ títa tí èèyàn lè sún, kì í ṣe bíríkì. A ó kó gbogbo dísìkì pọ̀ sí àgbájọ kan, a ó gé díẹ̀ fún gbòǹgbò, díẹ̀ fún /var, díẹ̀ fún /home, a ó sì fi ìyókù sílẹ̀ láìpín. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá fẹ́ kún, a ó kọ àṣẹ kan, bí àpẹẹrẹ "lvextend -r -L +20G" pẹ̀lú orúkọ ìpín náà, á sì tóbi sí i láìpa ẹ̀rọ. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ń pín gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kìíní. Kí àyè tóbi sí i rọrùn, ṣùgbọ́n kó dín kù kì í rọrùn. Ext4 kò ṣeé dín kù àfi tí a bá kọ́kọ́ tú u kúrò lára ẹ̀ka rẹ̀, irú ìpín mìíràn tó ń jẹ́ XFS kò sì ṣeé dín kù bí èèyàn ṣe máa ń fẹ́ rárá. Nítorí náà, ẹ fún un ní kékeré, kí ẹ sì ní ìyókù lọ́wọ́. Apple, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́ ìran Unix náà, ti gba ọ̀nà mìíràn láti 2017: àwọn ìpín inú APFS tirẹ̀ jọ ń mu nínú àyè kan náà ni.

Ohun méjì kéékèèké kù tó lè tan ẹni jẹ. Àkọ́kọ́, ẹ lè pa fáìlì ńlá kan rẹ́ kí df ṣì máa sọ pé àyè kò yọ. Bóyá ètò kan ṣì di fáìlì náà mú ni. Wọ́n ti yọ orúkọ ayálégbé kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń sùn nínú yàrá. Àṣẹ "lsof +L1" á sọ irú ètò tó dì í mú, bí ẹ bá sì pa ètò náà tí ẹ tún un tàn, àyè á yọ. Èkejì, ẹ̀rọ lè sọ pé àyè kò sí nígbà tí df ń fi GB púpọ̀ hàn. Ẹ gbìyànjú "df -i". Fáìlì kọ̀ọ̀kan nílò nọ́ńbà kan nínú ìwé orúkọ ìpín náà, bí fáìlì wẹ́wẹ́ bá sì pọ̀ jù, nọ́ńbà lè tán kí àyè tó tán.

Ìgbìmọ̀ ti pàṣẹ pé láti oṣù yìí lọ, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ètò tuntun kún kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ kọ ohun mẹ́ta sínú ìwé tó wà lórí tábìlì akọ̀wé: iye tí apt ní òun máa gbà wálé, iye tó ní òun máa lò, àti iye tí df fi hàn pé ó kù nínú gbòǹgbò. Bí àròpọ̀ méjì àkọ́kọ́ bá ju ìdajì ẹ̀kẹta lọ, kí ó pe akápò kó tó tẹ Y. A kò ní gbé ètò tuntun kankan wọlé lọ́jọ́ tí à ń san ẹ̀yáwó, tàbí lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Àwọn tí ẹ̀yáwó wọn pẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí owó dé ọwọ́ yín ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí ka èlé yín, kì í ṣe Ọjọ́bọ̀. Ẹ yẹ ìwé yín wò, bí ẹ bá rí i pé ó yàtọ̀, ẹ mú un wá sí ọ́fíìsì.